Ẹsẹ̀ ni bẹ́ǹṣì àdúgbò ti ń kú

Ilẹ̀ ìkòríta tí wọ́n ń da pàǹtírí sí máa ń yí padà tí ibi ìjókòó bá dé ibẹ̀. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kò ní gbà kí wọ́n da ìdọ̀tí sí òun lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú wa fi ń dùn bí àwọn ọ̀dọ́ bá ní bẹ́ǹṣì làwọn fẹ́ fi tún àdúgbò ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ ni kì í rí òjò ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ẹni tó ṣe é kò mọ iṣẹ́ ọnà. Òkè ni wọ́n tẹjú mọ́, àwọ̀ ọ̀dà àti bó ṣe máa rí nínú fọ́tò. Ìsàlẹ̀ sì ni ikán àti omi ń gbà wọlé.

Ẹ má tíì ra pákó. Ẹ wá búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 6, mẹ́fà ló máa gbà. Ẹ to méjì méjì lérí ara wọn ní ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ gbẹ́ ti ìsàlẹ̀ wọlẹ̀ ní ínṣì kan, kí ẹ wá gbé ògbólógbòó pákó lé e. Búlọ́ọ̀kù kan ga ní ínṣì 9, pákó á sì dípò ínṣì kan tó wọlẹ̀, nítorí náà ìjókòó yín á ga ní ínṣì 18. Gíga tí ìyá àgbà lè jókòó sí, tó sì lè dìde lórí rẹ̀ láìsí pé a fà á lọ́wọ́, nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, kí ẹ máa wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó jókòó lọ́sàn-án, oòrùn ló lé wọn. Bí àwọn èèyàn bá ru búlọ́ọ̀kù yín lọ sí abẹ́ igi lódìkejì, ẹ má bínú. Wọ́n ti bá yín yan ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó lọ bá baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé fún àṣẹ. Ẹ má gbé e lé orí gọ́tà láéláé, torí ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó gọ́tà ni wọ́n máa fọ́ ọ.

Igi wá kàn. Ìrókò àti igi apá lè dúró nínú òjò. Afàrá àti àràbà kò lè ṣe é, bó ti wù kí owó wọn rọni lọ́rùn tó. Pákó kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó fẹ̀ ní ínṣì 12, tó nípọn ní ínṣì kan, tó fún ìjókòó èèyàn mẹ́ta. Ẹ gé e sí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ́nà méjì. Ẹ la etí rẹ̀ tó funfun kúrò, torí ibẹ̀ ni ikán ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá la ìkọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́ta tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta. Igi mẹ́fà nìyẹn. Márùn-ún lẹ máa lò. Ẹ tọ́jú ìkẹfà fún ọjọ́ tí ọ̀kan bá ṣẹ́. Bí ẹ bá ń to wọn, ẹ fi àyè tó fẹ̀ tó pẹ́ńsùlù sí àárín wọn kí omi lè jò bọ́ sílẹ̀.

Igi tútù máa ń lọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti kàn án tán. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kí ẹ fi pẹlẹbẹ igi ya wọn sọ́tọ̀, kí ẹ sì máa wọn ọ̀kan lórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́ ló ti gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ lo igi pálẹ́ẹ̀tì, ẹ wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀: HT ni wọ́n fi ooru pa kòkòrò rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ MB sí, kẹ́míkà olóró ni wọ́n fín sí i, ẹ má mú un.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé. Igi tó nípọn ní ínṣì méjì, tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́rin, mẹ́ta tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ló máa gbé e ró. Ẹ ṣe férémù ẹsẹ̀ mẹ́ta: igi òró méjì, igi ìbú méjì. Ẹ gbé wọn sí ínṣì 6, 30 àti 54 láti etí kan. Pákó oní-ínṣì kan kò gbọdọ̀ gùn ju ínṣì 24 lọ láàárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tẹ̀. Ẹ fi igi gígùn kan so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nísàlẹ̀ kí bẹ́ǹṣì má baà máa mì sọ́tùn-ún sósì. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ máa fi ṣe ibi tí àgbàlagbà á gbé apá lé.

Ẹ má lo ìṣó níbi oríkèé. Igi ń wú lójò, ó ń súnkì lọ́yẹ́, ìṣó á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀. Bóòtù oní-ínṣì 5, irin tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè, lẹ nílò, méjì ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìnlélógún lápapọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo á sọ oríkèé di ìdè ilẹ̀kùn tí á máa yí. Síkúrúù 30 ló máa di ìjókòó mú, ẹ lu ihò kí ẹ tó dè wọ́n, torí ìrókò máa ń là.

Igi ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́fà, ínṣì 12 jíjìn, 8 fífẹ̀. Ẹ po sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ńtì kan á tó, á sì ṣẹ́kù. Kí kọ́ńkéré yọ sókè ní ínṣì méjì, kí orí rẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi má dúró. Ẹ ri irin onígun sínú rẹ̀ kó tó gbẹ, irin yìí lẹ máa de ẹsẹ̀ mọ́. Ẹ bomi rin ín fún ọjọ́ méje kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé e. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ìṣirò ṣe: nínú ínṣì 18 náà, kọ́ńkéré mú méjì, pákó ìjókòó mú ọ̀kan, igi ẹsẹ̀ kò wá gbọdọ̀ ju 15 lọ. Ẹni tó bá gé e ní 18, ẹsẹ̀ àwọn tó bá kúrú ò ní kanlẹ̀.

Ẹ fi oògùn ikán kun orí gbogbo ibi tí ayùn gé, kí ẹ tó dè é pọ̀, torí orí igi ló ń fa omi jù. Ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú kọ́ ni oògùn yẹn; aṣọ èèyàn ló máa bà jẹ́, wọn ò sì ní jókòó síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọyẹ́ àkọ́kọ́, ẹ padà wá pẹ̀lú sípánà, kí ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún, torí igi á ti súnkì.