Kí tipa àtijọ́ tó lè fà dáadáa, atẹ́gùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá fún un

Ẹni tó bá ti dúró létí ọ̀sà ní Báyékù, ní Ìkòròdú, láàárọ̀ kùtù, á ti rí i rí. Tipa Mercedes 911 kan ti di yanrìn tútù kún dẹ́nu, omi ṣì ń ro nídìí ẹ̀, ó fẹ́ gòkè kúrò létí omi, jíà kìíní ló wà, dírẹ́bà ti tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ mọ́tò ń mí gúlegúle, èéfín dúdú sì ń rú bo àwọn tó ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún onímọ́tò ni pé kó lọ bá wọn ṣí pọ́ńpù sí i, kí dísẹ́ẹ̀lì lè máa wọlé dáadáa. Àbọ̀ òótọ́ nìyẹn, ó sì ti ba ẹ́ńjìnì tó ṣì ṣe é lò jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń tanná bíi ti pẹtiróòlù. Bí Rudolf Diesel ṣe rò ó ní Jámánì láti 1892 náà ló ṣì wà: atẹ́gùn nìkan ni písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, máa kọ́kọ́ fà wọlé, á fún un mọ́ra títí á fi kù bí ìdá kan nínú 17, á wá gbóná ju 500 °C lọ, ìgbà yẹn ni nọ́sù máa wá fín dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀, á sì gbaná fúnra ẹ̀. Kílò dísẹ́ẹ̀lì kan máa jẹ bíi kílò 14.5 atẹ́gùn kó tó jó tán, torí pé wọn kì í sì í pò pọ̀ dáadáa láàárín àkókò kékeré yẹn, ó máa ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ò bá rí atẹ́gùn jó mọ́ ló ń di èéfín dúdú. Owó ni, ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà ló ń gbà lọ.

Ẹ wo 911 náà ṣá. Ẹ́ńjìnì tó wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Mercedes ń pè ní OM 352, sìlíńdà mẹ́fà (ihò tí písítìn ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀), lítà 5.7, kò ní tọ́bò tó ń fi ipá ki atẹ́gùn wọlé, fúnra ẹ̀ ló ń fa atẹ́gùn. Bó ti wù kó dáa tó, bíi horsepower 130 náà ni. Nígbà tí Mercedes fẹ́ kó lágbára sí i, wọn ò sọ ọ́ di ńlá, tọ́bò ni wọ́n gbé lé e, wọ́n pè é ní OM 352 A, ó sì kọjá 150. Èyí tó rọ́pò ẹ̀, OM 366, nígbà tí wọ́n fi tọ́bò àti intakúlà tó ń tu atẹ́gùn sí i, ó kọjá 200, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé lítà 6. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì náà fúnra wọn, atẹ́gùn ni wọ́n lọ wá.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó náwó sórí tọ́bò, kó wá agbára tó ti sọnù nínú èyí tó wà nílẹ̀ ná. Fíltà tó ti mu eruku ọ̀nà yanrìn yó, nọ́sù tó ń tọ̀ dípò kó máa fín, fáàfù tí wọn ò sẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ níbi tó dúró sí, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kẹ́ ẹ wá gbé e lé ibẹ̀ láìyí i. Tó bá ń jó jìgìjìgì tí èéfín ń tú jáde lábẹ́ ẹ̀ bíi ti ìkòkò ẹ̀wà, a jẹ́ pé ipá tó yẹ kó máa ti písítìn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìnsì, òrùka tó yí písítìn ká, sá lọ sísàlẹ̀. Irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, ríìnsì àti sílíìfù, ìyẹn ògiri sìlíńdà, ló fẹ́. Tọ́bò á kàn tètè pa á ni.

Pọ́ńpù àti nọ́sù á wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe kálíbrẹ́ṣọ̀n. Wọ́n á de pọ́ńpù mọ́ bẹ́ǹṣì, mọ́tò iná á máa yí i, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà tó ní ìlà lára á wà níwájú, dísẹ́ẹ̀lì á máa kán sínú wọn, ìgò kan fún sìlíńdà kan. Tí wọ́n bá dá a dúró, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tí ìkẹta bá ga tí ìkarùn-ún rẹlẹ̀, ọ̀kan ń yó, ebi ń pa èkejì, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n, kò sì ní lè fà. Àwọn kan máa ń fo iṣẹ́ yìí torí owó ẹ̀, ó sì dunni, torí ọ̀pọ̀ tipa ló jẹ́ pé tí wọ́n bá ṣe ìyẹn nìkan, onímọ́tò ò tún ní wá nǹkan míì mọ́.

Tọ́bò wá ńkọ́? Èéfín gbígbóná tó ń ṣòfò lọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa darí gba inú ilé kékeré kan tó dà bí ìkarahun ìgbín, á máa yí fáànù kan, ọ̀pá kan ló so fáànù yẹn mọ́ èkejì ní òdì kejì, èyí tó ń ki atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnì pẹ̀lú ipá. Atẹ́gùn tó yí wa ká lásán jẹ́ bíi psi 14.7 (psi ni wọ́n fi ń wọn ipá atẹ́gùn), tí tọ́bò bá fi 10 kún un, ẹ́ńjìnì lítà 5.7 á máa mí bíi ti lítà 7 ààbọ̀. Kì í pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ torí atẹ́gùn tí wọ́n fún mọ́ra máa ń gbóná, èyí tó gbóná sì máa ń fúyẹ́, iṣẹ́ intakúlà ni kó tù ú kó tó wọlé. Fáànù yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì ló sì ń yí lé, ìdí nìyẹn tí dírẹ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹrù gòkè ò fi gbọdọ̀ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Kó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta. Tó bá pa á báyẹn, ọ́ìlì ti dúró, ooru ṣì wà níbẹ̀, ìwọ̀nba ọ́ìlì tó kù á jóná di èédú.

Ìgbà tí atẹ́gùn ti wà ni ọ̀rọ̀ pọ́ńpù tó kàn. Súkúrù tó ń pààlà dísẹ́ẹ̀lì, wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi dì í kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án, tí wọ́n bá sì máa yí i, díẹ̀díẹ̀ ni, kí wọ́n gbé ẹrù gòkè wò, kí wọ́n tó tún yí i. Gééjì tó ń wọn ooru èéfín kó tó dé tọ́bò ṣe pàtàkì gan-an níbí. Tó bá ti ń kọjá nǹkan bí 700 °C lórí òkè, kí dírẹ́bà dẹ ẹsẹ̀, torí álúmíníọ̀mù máa ń yọ́ ní 660, òun ni wọ́n sì fi ṣe písítìn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n bí mọ́ tọ́bò ló ní ibi tó ń tu ọ́ìlì sí abẹ́ písítìn kó lè tutù, èyí tí ò ní in, kí wọ́n má fi agbára púpọ̀ lé e.

Gásikẹ́ẹ̀tì orí á fẹ́ tuntun, kílọ́ọ̀ṣì á fẹ́ èyí tó le jù, rédíétọ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ́ nínú mọ́ lóde. Bíréèkì ni kò sẹ́ni tó ń rántí. Tipa tó ń fi jíà kìíní wọ́ gòkè tẹ́lẹ̀ á ti máa fi jíà tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ gùn ún báyìí, wọ́n á wá fẹ́ di yanrìn kún un sí i, bẹ́ẹ̀ ìlù bíréèkì tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ni ti ọjọ́ tó ní horsepower 130. Kí wọ́n má fi kún ẹrù ẹ̀. Jíà tó rẹlẹ̀ náà ni kó sì máa fi sọ̀kalẹ̀, bí ẹ́ńjìnì ẹ̀ ti wù kó lágbára tó.