"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ ná": ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí

Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀, nọ́ọ̀sì ní òun fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́, ẹ máa gbọ́ ohùn màmá ọkọ tàbí màmá ìyàwó: "Háà, ọmọ tí wọ́n bí lónìí! Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ ná, ara ẹ̀ á ti le díẹ̀." Mi ò bá wọn jà o, ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ kí ọmọ tí ọrùn ẹ̀ ò tíì dúró máa ké? Àmọ́ ọ̀kan wà nínú àwọn abẹ́rẹ́ yẹn tí kò lè dúró de ọjọ́ kẹjọ.

Mẹ́ta ni wọ́n ń fún ọmọ tuntun ní Nàìjíríà: BCG fún ikọ́ ife, apá òsì ni wọ́n ń gún un sí, polio tí wọ́n ń kán sẹ́nu, àti hepatitis B, ìyẹn mẹ́dọ̀wú, tó ń wọlé sí itan. Ti hepatitis B yẹn ni mò ń wí. Wákàtí 24 ni wọ́n fún un, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí wọ́n ń kánjú? Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò ẹ̀ ń gbé, àsìkò tí wọ́n ń bímọ gan-an sì ni ọmọ ń bá ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹ̀ pàdé jù. Bí abẹ́rẹ́ bá tètè wọlé, ara ọmọ á ti máa kọ́ bó ṣe máa bá kòkòrò yẹn jà kó tó ráyè jókòó sínú ẹ̀dọ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró di ọjọ́ kẹjọ, kòkòrò ti jẹ ìrẹsì ìsọmọlórúkọ tiẹ̀ tán.

Èyí tó wá burú jù ni pé àgbàlagbà tó bá kó o, ara ẹ̀ sábà máa ń lé e lọ, nínú irú wọn 100, àwọn tó máa kù sí lára kì í tó 5. Ọmọ tó kó o lọ́jọ́ ìbí ńkọ́? Bíi 90 nínú 100 ló máa gbé e kiri. Kò ní ṣàìsàn kankan tẹ́ ẹ máa rí o, á sanra, á lọ sí súkúù, á gbéyàwó, àfi tó bá dàgbà tán tẹ́ ẹ wá gbọ́ pé ẹ̀dọ̀ àwọn kan nínú wọn ti bà jẹ́ tàbí jẹjẹrẹ ti mú un, tí ẹbí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é ládùúgbò.

Àwọn kan á ní "ara mi le, mi ò ní nǹkan kan." Ẹni tó ní in kì í sábà mọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gba aláboyún ni wọ́n ti ń ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, ká má wá sọ ẹni tó bímọ sílé ìyá àbíyè. Kò sì mọ sórí ìyá, abẹ olóólà tó máa kọlà fọ́mọ lọ́jọ́ kẹjọ yẹn náà lè gbé e wá.

Omi ọmú àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó dáa gan-an, ẹ fún un láàárín wákàtí kan tẹ́ ẹ bí i, àmọ́ kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ yẹn, ìyá ò lè fọ́mọ ní ààbò tí òun náà ò ní, ìyá tí hepatitis B ń gbé lára ẹ̀, ara tiẹ̀ gan-an ò tíì rí i lé lọ. Ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé náà ń gba abẹ́rẹ́ hepatitis B yẹn. Tí kò bá tó kílò 2, wọn ò kàn ní ka ti ọjọ́ ìbí yẹn mọ́ iye tó yẹ kó gbà, mẹ́ta míì ṣì wà nínú penta, ìyẹn abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún tí hepatitis B wà lára wọn, ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ẹ̀bi ò pọ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà nìkan. Ẹ máa dé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgò BCG kan máa ń tó ọmọ bíi 20, tí wọ́n bá sì ti pò ó, láàárín wákàtí 6 wọ́n gbọ́dọ̀ da èyí tó kù nù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró kí ọmọ pọ̀. Ó yé mi. Àmọ́ ti hepatitis B ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ṣí i lónìí kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí fíríìjì dáadáa kí wọ́n tún lò ó lọ́jọ́ míì, torí náà ẹ sọ fún wọn pé "ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, bí BCG ò bá tíì ṣeé ṣí, ẹ fún un ní ti hepatitis." Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba.

Tí ojú BCG bá wú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ṣe omi díẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi róòbù ra á. Àmọ́ ọmọ tuntun tí ara ẹ̀ gbóná tí kò fẹ́ mu ọmú, ẹ má di í ru abẹ́rẹ́ kankan, ọsíbítù kíákíá.

Wákàtí 24 ti kọjá? Ẹ ṣì gbé e lọ, agbára ẹ̀ ti dín kù díẹ̀ ni, kò tíì pẹ́ jù, wọ́n ṣì lè fún un kí penta àkọ́kọ́ tó dé. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo káàdì bóyá wọ́n kọ déètì sí i.