Iyùn ń funfun: ṣé ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn ṣì lè lọ?

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2024, NOAA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, kéde pé iyùn inú òkun tún ń di funfun káàkiri ayé, ẹ̀ẹ̀kẹrin irú rẹ̀ tó wà lákọsílẹ̀. Àwọn tó ti ń múra láti gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n kí wọ́n lọ wo òkìtì iyùn wá ń béèrè bóyá ohunkóhun ṣì kù níbẹ̀ láti wò. Ó kù.

Ṣé òkúta ni iyùn àbí ewéko?
Ẹranko ni. Àìmọye ẹ̀dá kéékèèké ló lẹ̀ mọ́ra wọn, tí wọ́n ń fi kálísíọ́ọ̀mù inú omi kọ́ ilé líle sábẹ́ ara. Ti iwájú á kú, ti ẹ̀yìn á kọ́lé lé e lórí, títí tó fi máa di òkìtì. (Iyùn pupa tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ jẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn tó jìnnà, kì í kọ́ irú òkìtì yìí.)

Kí ló ń sọ ọ́ di funfun?
Ooru. Iyùn ní ayálégbé: ohun ọ̀gbìn tíntìntín kan tó ń gbé inú ẹran ara rẹ̀. Ayálégbé yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, ó ń fún onílé jẹ, òun náà ló fún un láwọ̀. Bí omi bá fi dígírì Celsius 1 péré gbóná ju bó ṣe máa ń gbóná jù lọ lọ́dún, tí kò sì rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, onílé á lé ayálégbé jáde. Ara rẹ̀ á wá mọ́ gaara bíi gíláàsì, egungun funfun abẹ́ rẹ̀ á sì hàn síta.

Ó ti kú nìyẹn?
Kò tíì kú, ebi ló ń pa á. Bí omi bá tètè tutù, ayálégbé á padà. Èyí tí ewé omi bíi irun ti hù bò ló ti lọ.

Ṣé ọ́síjìn ló wà nínú sìlíńdà?
Rárá o. Afẹ́fẹ́ lásán tí wọ́n fún pọ̀ ni. Ọ́síjìn ògidì lè di májèlé téèyàn bá ti kọjá nǹkan bíi mítà 6.

Omi ibẹ̀ ò ṣáà jìn. Ewu wo ló wà níbẹ̀?
Ìbéèrè tí mò ń bẹ̀rù nìyí, torí ibi tí omi ò jìn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ká ní ẹ wà ní mítà 10, ẹ fẹ́ bàlúùnù kan dé ìdajì, ẹ so ó lẹ́nu, ẹ wá jẹ́ kó lọ sókè. Bó ṣe ń gòkè ni omi ń dín bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kù, kó tó yọrí lójú omi, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti fẹ̀ di ìlọ́po méjì. Àmọ́ bó bá ti mítà 30 bọ́ sí 20, ìdá mẹ́ta kan péré ló máa fi lé. Ìtòsí ojú omi ló ti ń wú jù.

Ẹ̀dọ̀fóró yín ni bàlúùnù yẹn. Omi díẹ̀ á wọ gọ́gùsì, àyà akẹ́kọ̀ọ́ á já, á sé èémí, á fẹsẹ̀ ta sókè. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Mítà 2 péré tó láti ya ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó mí kún tó sì sé e. Ẹ máa mí lọ, ẹ má sé èémí rárá, ẹ sì rọra gòkè: mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú kan ti tó.

Etí ńkọ́?
Ẹ fún imú pa, kí ẹ rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ síbẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Bí kò bá là, ẹ gòkè díẹ̀. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń yọ lẹ́nu kó dúró sórí ọkọ̀.

Ṣé mo lè fọwọ́ kan iyùn?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Àwọn kan nínú wọn kì í fi sẹ̀ǹtímítà 2 ga lọ́dún. Bàtà ìwẹ̀ kan tó gbá a báyìí ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́. Òun náà sì lè gbẹ̀san: èyí tí wọ́n ń pè ní fire coral ń jóni bí èsìsì.

Ekurá ńkọ́?
Òun ló sábà máa ń yà fún èèyàn.

Ìpara oòrùn wo ni kí n fi para?
Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021 ni Hawaii ti fòfin de títa èyí tó ní kẹ́míkà oxybenzone tàbí octinoxate, nítorí iyùn. Ẹ̀wù ìwẹ̀ alápá gígùn ò lófin kankan tó dè é.

Ṣé mo lè wọkọ̀ òfuurufú padà lọ́jọ́ náà?
Rárá. Náítírójìn tó wọ ara nísàlẹ̀ omi ní láti ráyè jáde kẹ́ ẹ tó gòkè lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Ó kéré tán, ẹ dúró fún wákàtí 12 lẹ́yìn ìmòòkùn ẹ̀ẹ̀kan, wákàtí 18 bó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kejì ni kí ẹ rà.