Ohun tó ń sọ orin òṣèré di ẹ̀rín

Ní ọdún 1968, ilé-iṣẹ́ Decca gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan jáde ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ The Transformed Man. William Shatner ló ni ín, ọmọ Kánádà tí àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n mọ̀ sí Captain Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ òfurufú nínú eré Star Trek. Mr. Tambourine Man ti Bob Dylan wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Shatner kò kọ ọ́ lórin. Ó ń sọ ọ́ ni. Á rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ rojọ́, á sì ṣàdédé gbé ohùn sókè bí ẹni tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn olórin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń bá tiwọn lọ létòlétò. Nígbà tí orin fẹ́ parí, ó figbe ta, ó ké pe orúkọ ọkùnrin inú orin náà bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù lọ́jà. Igbe yẹn ló kẹ́yìn.

Kò ṣàwàdà o. Ká ní ó ń ṣàwàdà ni, ẹ̀rín ibẹ̀ kò ní tó báyìí.

Owó ló máa ń kọ́kọ́ gbé òṣèré dé irú ibẹ̀. Eré tẹlifíṣọ̀n kì í pẹ́ kógbá sílé. Star Trek àkọ́kọ́ kò ju láti 1966 sí 1969 lọ. Nígbà tí ọjà òṣèré bá ṣì ń tà, gbogbo ohun tí wọ́n bá lè lẹ ojú rẹ̀ mọ́ ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, rẹ́kọ́ọ̀dù náà sì wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, inú àpò ẹnì kan náà ni owó náà ń yí sí. Ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Dot wà lábẹ́ Paramount, ilé-iṣẹ́ fíìmù, nígbà náà. Gulf+Western, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ra Paramount, ló tún ra Desilu, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Star Trek, ní 1967. Ọdún yẹn gan-an ni Dot gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Leonard Nimoy jáde, òṣèré tó ń ṣe Mr. Spock elétí ṣóńṣó nínú Star Trek, wọ́n sì fi orúkọ Spock náà pè é. Ẹni tó rà á, etí ṣóńṣó yẹn ló rà.

Orin tuntun gba kí wọ́n wá ẹni tó máa kọ ọ́, kó sì tó mọ́ ará ìlú létí. Orin tó ti lókìkí ti bá wọn ṣe ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀. Òfin ló wá ṣílẹ̀kùn. Láti 1909, òfin Amẹ́ríkà sọ pé bí ẹni tó ni orin bá ti lè jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí rẹ́kọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni lè tún un gbà sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kó ṣáà ti san owó tí òfin dá. Sẹ́ǹtì 2 lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ni owó yẹn, kò sì lé títí di 1978. Kò sẹ́ni tó ní kí òṣèré kọ́kọ́ lọ kọrin fún Dylan gbọ́. Dylan kò lè ní rárá, ìwọ kọ́. Tirẹ̀ ni kó máa ka sẹ́ǹtì.

Inú sítúdíò ni ẹ̀rín ti ń wọlé. Olórin àti òṣèré kì í ka àkókò bákan náà. Ìlù ló ni àkókò olórin: ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí àyè tí ìlù fi sílẹ̀ fún un, kódà bí kò nítumọ̀ kan tó gúnmọ́. Ìtumọ̀ ló ni àkókò òṣèré. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó máa wá ìwúwo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó dánu dúró díẹ̀ kó tó sọ èyí tó wúwo jù, kó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Shatner ti ṣe eré Shakespeare ní Stratford, ní Ontario, kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú Kirk. Ẹ̀kọ́ yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ wá gbé Lucy in the Sky with Diamonds ti Beatles lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Bí àlá lọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rí, ohùn orin ló ń gbé e fò. Shatner bọ́ ohùn orin sọnù, ó wá ń ròyìn àrà inú rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù, pé òun fojú òun rí i. Bí ègbè bá dé, àwọn akọrin á gbé e bó ṣe yẹ. Wọ́n á parí, ẹlẹ́rìí á tún bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò mọṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ méjì tó dáa ló forí gbárí. Bí ìlù bá wọ́, tí gìtá kò bára mu, orin burúkú lásán ni à bá pè é, à bá sì pa á.

Etí Yorùbá á tètè gbọ́ ibi tó ti dàrú. Láàárín ọ̀rọ̀ àti orin, a ní rárà, ìjálá, ẹ̀sà, ewì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń fa ohùn rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń mí. Shatner kúrò nílé ọ̀rọ̀, kò dé ilé orin, kò sì ríbi sùn lójú ọ̀nà. (Àwọn òṣèré alárìnjò tiwa kì í sábà kó sí kòtò yìí, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bá orin wọlé. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti ń darí ẹgbẹ́ olórin highlife kó tó di aláwàdà. Abẹ́ rẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀.)

Sísọ orin fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Òṣèré Rex Harrison sọ púpọ̀ nínú orin tirẹ̀ nínú eré orí ìtàgé My Fair Lady ní 1956, ó sì gbayì, nítorí pé wọ́n dìídì kọ wọ́n bá ohùn rẹ̀ mu. Telly Savalas tó ń ṣe ọlọ́pàá Kojak lórí tẹlifíṣọ̀n sọ If ti ẹgbẹ́ Bread, ó sì gba ipò kìíní ní Bìrìtéènì ní 1975: orin náà falẹ̀, òun náà sì rọra ń sọ ọ́ bí ọkùnrin tó ń tẹnu mọ́ obìnrin létí, ohun tí ọ̀rọ̀ orin náà gan-an ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀rín yìí sì máa ń fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Lórí rẹ́kọ́ọ̀dù 1968 yẹn, wọ́n so àwọn orin náà mọ́ ọ̀rọ̀ orí ìtàgé tàbí ewì. Ọ̀rọ̀ láti inú eré orí ìtàgé Cyrano ló ṣáájú Mr. Tambourine Man, kí olùgbọ́ lè fi ọ̀kan wo èkejì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Rhino kó irú orin òṣèré bẹ́ẹ̀ jọ sínú àkójọ kan tó ń jẹ́ Golden Throats ní 1988, orin nìkan ni wọ́n yọ, Cyrano sì dẹni àná. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ti 1978 ti wà nílẹ̀, níbi ayẹyẹ ẹ̀bùn àwọn fíìmù bíi Star Wars. Bernie Taupin tó kọ ọ̀rọ̀ Rocket Man fún Elton John ló fúnra rẹ̀ pe Shatner síta. Shatner jókòó lórí àpótí gíga pẹ̀lú aṣọ òde, sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sọ orin. Nígbà tó yá, Shatner di méjì lójú ẹ̀rọ, ó di mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì ń jó.

Ọdún 2004 ni olórin Ben Folds bá a ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù Has Been. Common People ti ẹgbẹ́ Pulp ló ṣí rẹ́kọ́ọ̀dù náà, orin tí ìbínú kún inú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ tó ohun tí òṣèré lè jẹ lẹ́nu. Shatner sọ tirẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó gbọ́dọ̀ di orin, olórin Joe Jackson ló gbà á kọ.