Àlòkù awò ojú tó di ohun èlò fíìmù

Ọ̀pọ̀ nǹkan tí òṣèré ń gbé lọ́wọ́ tàbí tó ń wọ̀ sójú nínú fíìmù ló ti ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú Star Wars tó jáde ní 1977, idà oníná tí ọmọkùnrin inú ìtàn náà fi ń jà, ọwọ́ iná kámẹ́rà àtijọ́ ni, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Graflex ní Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn ayàwòrán. Roger Christian, tó ń ṣètò ohun èlò ìran fíìmù náà, ló rí i ní ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó lẹ ike díẹ̀ mọ́ ọn lára, ló bá di idà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àwòṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lónìí, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni èyí ń jẹ́ kí fíìmù tó mú un?

Ká mú awò olójú róbótó méjì tí àwọn awakọ̀ máa ń wọ̀ nínú fíìmù aṣálẹ̀, èyí tí okùn rọ́bà gbé kọ́ orí. Ẹgbẹ́ òṣèré tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò ní láti ránṣẹ́ sí òkè òkun. Àwọn àlòkù awò wà lórí àtẹ lọ́jà, awò tí apá rẹ̀ ti ṣẹ́ kì í wọ́n nínú ilé, awò àwọn tó ń jó irin pọ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ìwọ̀n ló ṣòro. Awò tó bá fi díẹ̀ tóbi ju ti inú fíìmù lọ, ojú ẹni tó ń wò ó yóò mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe déédéé, kódà bí kò lè sọ ohun náà.

Ara àwòrán ni a ti ń wá ìwọ̀n. A ó wá ibi tí òṣèré náà ti kọjú sí kámẹ́rà gan-an, tó gbé awò náà sókè sí iwájú orí, tí ẹyinjú rẹ̀ sì hàn. Láàrin ọmọlójú kan sí èkejì lójú àgbàlagbà sábà máa ń wà ní nǹkan bíi mìlímítà 63. Tí àyè yẹn bá jẹ́ mìlímítà 21 lórí àwòrán tí a tẹ̀ sí bébà, a jẹ́ pé ìlọ́po mẹ́ta ni ojú gidi fi ju àwòrán lọ. Ká wá fi rúlà wọn ojú róbótó awò náà lórí bébà kan náà. Tó bá jẹ́ 17, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 51. Awò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ síwájú ju ẹyinjú lọ, ohun tó bá sì sún mọ́ kámẹ́rà a máa tóbi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, ìwọ̀n rẹ̀ gan-an lè wà ní nǹkan bíi 50. Ibi tí inú ẹni máa ń dùn nìyẹn, nítorí pé mìlímítà 50 gan-an ni dígí róbótó tó ń wọ inú awò àwọn tó ń jó irin. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé òun ni ẹni tó ṣe ti inú fíìmù náà mú.

Ti awò tí ènìyàn fi ń kàwé tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú apá rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta sábà máa ń wà níbẹ̀, bíi 52, 18 àti 140. Ìbú dígí kan ni 52, àyè orí imú láàrin dígí méjèèjì ni 18, gígùn apá ni 140, ní mìlímítà gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kọ nọ́ńbà tó ń wá sí pépà, ó lè dúró ti àtẹ kan láàárọ̀ kó yẹ ọgọ́rùn-ún awò wò láìfi rúlà kan ẹyọ kan.

Tí ẹ̀yà bá ti dé ọwọ́, ká má tíì gbé ọ̀bẹ tàbí gúlù sún mọ́ ọn. Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Férémù ike tó nípọn, tí àwọ̀ rẹ̀ wọnú lọ bíi ti ẹ̀yìn ahun, sábà máa ń jẹ́ asẹtéètì. Ara igi tàbí ara òwú ni wọ́n ti ń yọ ọ́, òwú bí irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ àríwá Bẹ̀nẹ̀ ń gbìn. Ọmọ ìyá ni òun àti fíìmù sinimá ayé àtijọ́: asẹtéètì ni wọ́n fi ṣe ọ̀já fíìmù tó rọ́pò èyí tó máa ń gbaná wọ̀ọ̀. Tí férémù àti ọ̀já fíìmù bá ti gbó nínú ooru, òórùn kan náà, òórùn fínígà, ló ń jáde lára àwọn méjèèjì. Ó máa ń wú ẹni lórí pé nǹkan tí wọ́n fi ya fíìmù àná ni a tún ń tẹ̀ ṣe ohun èlò fíìmù òní.

Asẹtéètì ń gbọ́ràn sí ooru. Àwọn tó ń ṣe awò máa ń rì í bọ inú yanrìn gbígbóná, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá ṣe ń fi yanrìn yan ẹ̀pà, àmọ́ ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí ti ẹ̀pà púpọ̀. Omi tó gbóná tí kò tíì hó náà tó. Tó bá ti rọ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ sí bí a ṣe fẹ́, a ó sì dì í mú títí yóò fi tutù, torí bí a bá tètè fi í sílẹ̀, ó ń padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ojú iná gan-an kọ́ ni ká gbé e sí o. Ó ń hó, ó ń yọ lẹ́fun-lẹ́fun, kò sì ṣeé tún ṣe mọ́.

Gúlù tó bá a mu jù ni asẹtóònì, ìyẹn omi tí àwọn tó ń kun èékánná fi ń nu ọ̀dà àtijọ́ kúrò. Asẹtóònì ń yọ́ asẹtéètì. Tí a bá fá ara férémù tó ti ṣẹ́ sínú ìgò kékeré, tí a da asẹtóònì lé e, yóò di ọ̀rá ṣìkìṣìkì tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti férémù mu. Ibi tí a bá fi lẹ̀ á di ara kan náà tó bá gbẹ. A kàn ń fi sùúrù dúró ni, ọjọ́ kan gbáko, kí a tó fá a dán. Ìta gbangba ni ká ti ṣe é, kó jìnnà sí iná, nítorí asẹtóònì máa ń yára gbaná gan-an.

Ohun tó ń tún asẹtéètì ṣe yìí kan náà ló ń ba polycarbonate jẹ́. Dígí ike tó fẹ́lẹ́ tó le, tí wọ́n fi ń ṣe awò ìdáàbòbò, tí asẹtóònì bá kàn án, yóò sán bí ẹrọ̀fọ̀ tí oòrùn pa. Ṣùgbọ́n CR-39, ike tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ dígí awò ìkàwé, kò ní mira. Nítorí náà a ó kán ẹ̀kán kan sí inú apá awò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Tí ibẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ìka, ó sábà máa ń jẹ́ asẹtéètì. Tí kò bá lẹ̀, ìdè ni a ó fi so ó pọ̀. Ti férémù onírin, òjé tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń lò máa ń mú un lẹ́yìn tí a bá ti fá ọ̀dà rẹ̀ kúrò, àfi tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù tàbí titéníọ̀mù. Ẹ yọ dígí kúrò kí ooru tó dé ibẹ̀.

Awò àwọn tó ń jó irin ní dígí tó dúdú jù fún òṣèré. Nọ́ńbà òkùnkùn 10 sókè sábà máa ń jẹ́ ti àwọn tó ń fi iná mànàmáná jó irin, ẹni tó bá fi í rìn nínú ọgbà lọ́sàn-án gangan kò ní rí ilẹ̀ tó ń tẹ̀. A ó tú òrùka iwájú rẹ̀, a ó mú dígí yẹn jáde, a ó gé ike aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ róbótó sí ipò rẹ̀. Dígí gidi, èyí tó tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ tó sì ń dún gan-an tí a bá fi èékánná kàn án, kò yẹ kó wà níwájú ojú ẹni tó máa sá tàbí ṣubú nínú ìran. Tó bá sì jẹ́ pé inú oòrùn ni wọ́n á pẹ́ sí, dígí dúdú tí kò dènà ìtànṣán UV (ìtànṣán oòrùn tí a kò lè fojú rí) lè burú ju kí ojú wà lásán lọ, torí òkùnkùn rẹ̀ ń mú ọmọlójú là.

Kí ohun tí òǹwòran ń rí yàtọ̀ sí ohun tí òṣèré fi ń ríran, ará Kétu mọ èyí pẹ́. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn gbà pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀ wá, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, sì fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sára àwọn iṣẹ́ àtayébáyé ọmọ ènìyàn ní 2001, kó tó wọ àkójọ ti 2008. Orí ni ẹni tó gbé e ń gbé igi gbígbẹ́ náà lé. Inú aṣọ tó bo ojú rẹ̀ ló ti ń ríran, ojú ère kọ́. Àwọn igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan tilẹ̀ wà tí agbẹ́gilére gbẹ́ awò ojú sí. Ọgbọ́n yẹn gan-an ló yẹ kí a lò. LeVar Burton, tó wọ awò dídì kan nínú eré Star Trek tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran nínú rẹ̀. Nínú fíìmù ti 1996 wọ́n mú un kúrò lójú rẹ̀, wọ́n sì fi ẹyinjú àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ihò tín-ín-rín tí a fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu sí ìsàlẹ̀ férémù, níbi tí òjìji wà, máa ń jẹ́ kí òṣèré rí ẹsẹ̀ rẹ̀, kámẹ́rà kò sì ní rí i.

Awò tuntun a máa tàn bíi dígí ilé. A ó kun ún ní fàdákà, a ó fi dúdú bò ó, a ó wá fi pépà ìfági ha ibi tí ọwọ́ ń dì mú àti igun tó ń kan ara nìkan. Erùpẹ̀ pupa Kétu tí a sẹ́, tí a pò mọ́ vánííṣì tí kì í dán, ni a ó ti sí kọ̀rọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ òrùka. Túùbù alùpùpù, tí a fi ọṣẹ fọ̀ kí ẹ̀tù inú rẹ̀ lọ, ni a ó gé sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta fún okùn rẹ̀.

Tí awò bá ń fi ẹni tó di kámẹ́rà mú hàn nínú dígí, ká gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, kí dígí dojú kọ ilẹ̀. Kí òṣèré wá wọ̀ ọ́, kó fi orí rẹ̀ jù sọ́tùn-ún sósì, kó bẹ̀rẹ̀, kó sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ibi tó bá ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni a ó tún fá, ìdè tó bá tú ni a ó sì dè padà, ká wá kán ọ̀dà èékánná sí orí rẹ̀.