Ẹja ò sùn nígbà òtútù: ohun tó wà lábẹ́ dọ́ọ̀kì ní adágún Lanier

"Àbúrò, ta ní ń pẹja nínú òtútù yìí? Ẹja ti sùn! Ó di oṣù kẹta." Ẹ̀gbọ́n wa kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní oṣù kìíní, nígbà tí wọ́n rí ọ̀pá ìwọ̀ nínú bútù ọkọ̀ mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹja ò sùn o. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ ní Sátidé." Wọ́n ní kí n má fi òtútù para mi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiwọn nìkan. Púpọ̀ nínú àwa tí à ń gbé nítòsí Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ló gbà pé bí òtútù bá ti wọlé, ẹja crappie, ìyẹn ẹja adágún pẹlẹbẹ kan ní Amẹ́ríkà, kì í jẹun mọ́, pé ṣe ló máa ń rì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tó jìn jù láàárín adágún Lanier tó wà nítòsí wa, tí yóò sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí ojú ọjọ́ yóò fi móoru. Àwọn Òyìnbó tí wọ́n bí sétí adágún náà ń sọ ọ́. Ó ń dùn mí, torí pé láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì gan-an ni ẹja yìí máa ń kóra jọ sábẹ́ àwọn dọ́ọ̀kì, ìyẹn àwọn èbúté kéékèèké tó léfòó, tí àwọn onílé ń so ọkọ̀ ojú omi wọn mọ́.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ òótọ́ ibòmíràn ni. Dígírì 4 lórí ìwọ̀n Celsius ni omi ti ń wúwo jù. Èyí tó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ fúyẹ́, òkè ló ń dúró sí, ibẹ̀ ló sì ti ń di yìnyín. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní Minnesota, ìpínlẹ̀ kan ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti ń bo adágún débi tí èèyàn fi ń wa mọ́tò lórí rẹ̀, ìsàlẹ̀ omi móoru ju òkè lọ. Lanier ò rí bẹ́ẹ̀. Dáàmù Buford, tí wọ́n parí ní 1956, ló sé odò Chattahoochee tó fi di adágún. Ìhà gúúsù ló wà, yìnyín kì í bò ó. Nígbà tí ewé bá ń já, tí òkè omi ń tutù, ṣe ló ń wúwo sí i, tó ń rì, tó ń pò mọ́ ti ìsàlẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà látòkè délẹ̀. Kò sí ibùsùn gbígbóná kankan nísàlẹ̀ tí ẹja ń sá lọ bá.

Oorun ńkọ́? Ẹja ò dà bí àwa tí à ń gbé ooru tiwa kiri. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ń rí. Nínú òtútù, oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀, torí náà kì í jẹ púpọ̀, kì í sì í sáré lé ohunkóhun. Àmọ́ ó ń jẹ. Mo la inú crappie kan nínú oṣù kìíní yẹn kan náà, mo bá ẹja shad wẹ́wẹ́ mẹ́ta nínú ikùn rẹ̀. Èyí tó wà lókè ṣì ń dán bíi fàdákà, ojú rẹ̀ ṣì mọ́. Kò tíì pẹ́ tó gbé e mì.

Ẹja shad yìí ló yẹ ká máa wò. Òun ni crappie ń jẹ, òun náà ni kò lè fara da òtútù. Bí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 7, okun á bẹ̀rẹ̀ sí í tán nínú rẹ̀, òmíràn á kú. Nítorí náà, ibi tí oòrùn bá ti yá omi díẹ̀ ló ń lọ: kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn ò dé, létí bèbè tó kọjú sí gúúsù, tí oòrùn ń bá láti àárọ̀ dọ̀sán. Òkè omi níbẹ̀ lè fi dígírì kan tàbí méjì móoru ju ibòmíràn lọ. Kékeré kọ́ nìyẹn fún ẹja tí òtútù ń pa kú lọ. Dọ́ọ̀kì tó bá wà nírú ibẹ̀ á wá di ọjà. Ojú crappie tóbi, ó ń ríran dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì, nítorí náà òjìji abẹ́ pákó ló ń dúró sí, tí á máa wo ohun tó ń kọjá níta.

Ibi tí ìgbàgbọ́ òdì yìí ti ń ṣe ìpalára gan-an nìyí. Ojú crappie sún mọ́ àtàrí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà kọjú sókè. Òkè ló ń wò, òkè ló ti ń mú oúnjẹ. Ohun tó bá gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, kì í sábà yà bá a. Lábẹ́ dọ́ọ̀kì tí omi rẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 25, ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí 10 ni wọ́n rọ̀ dirodiro sí. Ẹni tó gbà pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà á so òjé ńlá mọ́ okùn, ó di gbì nísàlẹ̀, á sì jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta. Ó ti kọjá wọn. Á padà sílé lọ́wọ́ òfo, á ní, "Ẹ ò rí i, mo ní wọ́n ti sùn." Báyìí ni ìgbàgbọ́ náà ṣe ń bí ẹ̀rí fún ara rẹ̀ lọ́dọọdún.

Jig ni kí ẹ lò: ìwọ̀ tí wọ́n rọ òjé tíńtín mọ́ lórí, tí kò ju 1/32 áùnsì lọ, tí rọ́bà rírọ̀ bí ẹja kékeré sì wà lára rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì di rọ́bà yẹn mú, kí ẹnu ìwọ̀ kọjú síta kó má gún yín, ẹ fà á sẹ́yìn títí ọ̀pá á fi tẹ̀ bí ọrun, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Á fò lọ bí ọfà, gba àlàfo tóóró tó wà láàárín omi àti pákó, wọ inú òkùnkùn lọ́hùn-ún. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Bó bá ti bọ́ sómi, ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ kó máa rọra rì, kí ẹ máa kà kí ẹ lè mọ bó ti rì tó: ení, èjì, ẹ̀ta. Ojú yín ò gbọdọ̀ kúrò lára okùn, torí ẹja inú òtútù kì í já ìwọ̀ gbà. Ṣe ni okùn á ta pọ́n lẹ́ẹ̀kan, tàbí kó dúró nígbà tí kò tíì yẹ kó dúró. Ẹ kàn rọra gbé ọ̀pá sókè. Awọ ẹnu crappie fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ẹni tó bá fà á tagbáratagbára á fà á ya.

Dọ́ọ̀kì ní ẹni tó ni ín, ẹ má gùn ún. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja, 30 sì ni crappie tí ẹnì kan lè kó lóòjọ́ ní Georgia. Ẹ̀wù tó ń múni léfòó ò gbọdọ̀ kúrò lára yín: omi tó tutù tó báyìí ń gba èémí lẹ́nu ẹni tó bá já sínú rẹ̀, kó tó rántí pé òun mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Kò sídìí láti jí ní ìdájí. Aago méjìlá ọ̀sán sí mẹ́rin ni mo máa ń lọ, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti yá omi díẹ̀. Dọ́ọ̀kì mẹ́wàá lè ṣófo kí ìkọkànlá kún fọ́fọ́, torí náà ẹ má pẹ́ níbi tí kò sí. Bí okùn bá dúró nígbà tí ẹ kà dé èje, ẹ di èje yẹn mú. Àwọn yòókù tó wà lábẹ́ dọ́ọ̀kì náà ò ní jìnnà sí i. Bí ìkùukùu bá wá bo oòrùn, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení.