Ọjọ́ 15 oṣù kìíní: ìbọn wo ló ń dún yẹn?

Lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ológun, bí Ààrẹ bá ti gbé òdòdó síbi ibojì sójà aláìlórúkọ l'Ábújà, tí ìbọn sì dún, àwọn kan á ti máa pín in kiri orí fóònù pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ṣé sójà tún ti gbàjọba ni?
Rárá o.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe?
Wọ́n ń rántí àwọn ológun tó bógun lọ, wọ́n sì ń yẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sí. Wọ́n á ti kírun Jímọ̀, wọ́n á ti ṣe ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó kan òdòdó.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe tiwọn nínú oṣù kọkànlá?
Oṣù kọkànlá náà ni tiwa tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù yẹn ni ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1918, òyìnbó ló sì kó ọjọ́ náà wá fún wa. Òun la fi ń rántí àwọn tó lọ jagun Bọ́mà nígbà ogun Hitler pẹ̀lú. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé nìjọba sún un. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1970 ni Philip Effiong, tí Ojukwu fi Biafra lé lọ́wọ́, wá sí Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba ológun l'Ékòó, tó túúbá fún Gowon, olórí ìjọba, lórúkọ Biafra. Gowon ní kò sẹ́ni tó borí, kò sì sẹ́ni tí wọ́n borí. Síbẹ̀, ọjọ́ tí apá kan túúbá gan-an la mú.

Ṣebí nítorí ìjọba tí àwọn sójà kan fẹ́ gbà ní 1966 ni?
Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Òótọ́ ni pé òru mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù kìíní náà ni wọ́n pa Akíntọ́lá n'Ìbàdàn, tí wọ́n pa Ahmadu Bello ní Kaduna. Wọ́n pa ológun ẹgbẹ́ wọn náà: Bìrìgédíà Adémúlẹ́gùn, ọmọ Oǹdó, tòun tìyàwó rẹ̀, nínú ilé wọn ní Kaduna. Ṣùgbọ́n òpin ogun abẹ́lé la fi mú ọjọ́ yìí. Ẹni tó bá ní àwọn tó dìtẹ̀ là ń yẹ́ sí, irọ́ ló ń pa, irọ́ tó sì lè dájà sílẹ̀ ni.

Àwọn ẹyẹlé funfun tí Ààrẹ ń tú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kọ̀, wọn ò fò. Àmì kí ni?
Wọ́n há wọn mọ́ àgò, fèrè ń dún, ìbọn ń dún. Ẹ̀yin náà ẹ fò ká wò ó.

Ṣé ìsinmi ni?
Ẹ lọ síbi iṣẹ́ yín.

Ẹ̀bá Tafawa Balewa Square (TBS), níbi tí wọ́n ti ń ṣe ti Èkó, ni mò ń gbé ńkọ́?
Wọ́n lè ti ọ̀nà pa láàárọ̀, ẹ tètè jáde. Ẹ sọ fún màmá àgbà ṣáájú pé ìbọn ẹ̀yẹ ni, kí wọ́n má sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ṣé mo lè wọ aṣọ sójà láti fi bá wọn yọ̀?
Ẹ má dán an wò. Òfin kọ̀ ọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ológun, ẹni tó sì máa kọ́kọ́ rí yín lè máà ní sùúrù àlàyé. Báàjì ìrántí ni kẹ́ ẹ lẹ̀ máyà.

Ṣé owó báàjì ń dé ọwọ́ àwọn opó?
Torí àwọn opó àtàwọn tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n ṣe ń tà á. Àmọ́ àwọn sójà tó fẹ̀yìn tì ti lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó l'Ábújà rí nítorí owó wọn, báàjì nìkan ò lè gbọ́ bùkátà. Ẹ béèrè káàdì lọ́wọ́ ẹni tó bá ń tà á kẹ́ ẹ tó yọ owó.